Ìrìn-Àjò Wa Lórí Ọ̀sà Títí Dé Ayétòrò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ní Ìrókò

Ẹni tí a bí sí Ìrókò, oko àti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ó mọ̀. Bí ó bá rí omi tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Nítorí náà, nígbà tí a sọ pé a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, kí a sì gba ojú ọ̀sà lọ títí dé etí òkun àwọn ará Ìlàjẹ, púpọ̀ nínú yín ni ó bi wá léèrè ohun tí a ń wá lọ síbẹ̀.

Ìdáhùn wa nìyí. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ẹ mọ̀ dájú, ẹni tí ó ti ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà wa láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wà ní ọmọdé. Ayétòrò ni a gbé bí i. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, kò sì tún fi ojú kan ilé bàbá rẹ̀ mọ́ fún ọdún 27. Ó ní òun fẹ́ rí i kí ọjọ́ ogbó tó dí òun lọ́nà. Àwa mẹ́fà sì gbà láti sìn ín lọ, ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ìjì kò wọ́pọ̀ lórí omi.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wa láti Mọ́níyà, ní ibùdókọ̀ tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Ojú irin tuntun yìí, tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn tó 157 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ti wọ̀ ọ́, a kò ní fi í dá yín dúró. Ní Èkó, a gba orí afárá gígùn tí a parí ní ọdún 1990 kọjá, a sì rí Mákòkó nísàlẹ̀, níbi tí ilé gbé dúró lórí òpó nínú omi. Àwa ń pariwo ìyanu. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò tí ì rí nǹkan kan, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó wá fi ṣe ibùjókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó bá wọn ṣe àdéhùn ní ọdún 1854, kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1862. Ní òwúrọ̀ tí a dé etí omi rẹ̀, ọjà ẹja ti kún: àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé nínú agbọ̀n, àti alákàn tí a fi okùn dì. A ná ọkọ̀ kan títí a fi rẹ̀ wá. Awakọ̀ fún olúkúlùkù wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó jókòó níwájú yín níhìn-ín, bèèrè méjì.

Báwo ni a ó ti ṣe àpèjúwe ọ̀sà fún ẹni tí kò rí i rí? Ẹ fi ojú inú wo oko kan tí kò ní ebè, tí kò ní igi, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí ojú ọ̀run fi bò ó mọ́lẹ̀. Ìkùukùu ọyẹ́ bo ojú omi tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ kékeré wọn dà bí ẹni tí ó dúró nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti bu epo sí i, a gbọ́ bí àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, a kò sì rí wọn. Lékeléke ń fò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tí oòrùn mú, ìkùukùu ká kúrò bí ẹni ká ẹní, a sì rí i pé omi yí wa ká ní ìhà gbogbo, etí ilẹ̀ sì dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

Ọ̀sà Lẹ́kí ni a wà nígbà náà. Ìyá bu omi rẹ̀ sí ọwọ́, ó sì ní kí a tọ́ ọ wò. Omi náà kò ní iyọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà gbà wọ òkun jìnnà sí ibẹ̀, ní Èkó, àwọn odò tí ó ti òkè wá ni ó sì ń kún un. Odò Ọ̀ṣun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ará: omi kan náà tí a dá dúró ní Aṣéjìrẹ́ fún àwọn ará Ìbàdàn láti mu, ìyókù rẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja wọ̀nyí. Àwa tí a rò pé a kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀sà!

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà dín. A wọ inú ipa omi tóóró, tí igi ògùrọ̀ dí ìhà méjèèjì rẹ̀, tí omi rẹ̀ sì pọ́n bí àgbo. Awakọ̀ ṣèlérí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé a ó rí ọ̀nì. A kò rí ọ̀kan ṣoṣo, inú Ìyá Ìjọ sì dùn sí i. Ohun tí a rí ni koríko omi kan, tí òdòdó rẹ̀ lẹ́wà gidigidi ní àwọ̀ elésè àlùkò, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀tá àwọn ọlọ́kọ̀. Kì í ṣe ojúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i nínú omi Badagry, nígbà tí ó léfòó wá láti ìhà Bẹ̀nẹ̀. Ó dì mọ́ ẹ́ńjìnnì wa lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa sì fi àdá gé e kúrò, iṣẹ́ tí ará oko mọ̀ dáadáa.

Bí a ti ń súnmọ́ òkun ni igi yí padà. Igi ibẹ̀ ń dúró lórí gbòǹgbò tí ó yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn, ẹrẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A tún tọ́ omi wò. Iyọ̀ ti dé. A sùn ní Ìgbókòdá ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kí oorun wa pọ̀.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa Ayétòrò. Ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù jáde, dá ìlú náà sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ etí òkun tí ẹnìkan kò fẹ́. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà lórí omi, wọ́n gbẹ́ ipa omi, wọ́n sì ní ohun gbogbo ní àpapọ̀: gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún àpò kan, a sì ń fún olúkúlùkù ní oúnjẹ àti aṣọ láti inú rẹ̀. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà. Ní ọdún 1953 wọ́n ti ní iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Ètò àpapọ̀ náà ti yí padà láti ìgbà pípẹ́, olúkúlùkù sì ti ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀ agogo tí ń pè wọ́n síbi iṣẹ́ bí ẹni pé àná ni.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, ó dákẹ́. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Lẹ́yìn náà ó ní kí awakọ̀ dúró. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ bí kò ṣe ìgbì òkun àti òpó mélòó kan tí orí wọn yọ. Ó na ọwọ́, ó ní, “Àtẹ̀gùn wa nìyẹn.” Ó ka yàrá kọ̀ọ̀kan fún wa, ti bàbá rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ibi tí a gbé ń yan ẹja. Àwa ń wo omi. Ọmọ arákùnrin rẹ̀, tí ó gbà wá sílé, sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun ti kó ilé sẹ́yìn, àti pé àwọn ibojì pẹ̀lú ti bá omi lọ. A ti ṣèlérí odi òkúta fún wọn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A rìn ní etí òkun náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, a kò rí odi kankan.

Kí ni ó fa èyí? Àwọn ọ̀mọ̀ràn kò fi ẹ̀bi lé orí ohun kan ṣoṣo: ilẹ̀ ẹrẹ̀ a máa rì fúnra rẹ̀, ìgbì a sì máa kó iyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n òkun pẹ̀lú ń gòkè. Àwọn kan nínú yín ti rí, lára kàlẹ́ńdà, àwòrán ọkọ̀ ńlá tí ń gbé àwọn olówó lọ wo òkè yìnyín ní etí òkun àríwá, ní Norway tàbí ní Alaska, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Ní ibi tí à ń pè ní Glacier Bay, ọkọ̀ ńlá méjì péré ni a ń gbà wọlé lóòjọ́. Ní ọdún 1794, yìnyín ni ó kún gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí John Muir dé ibẹ̀ ní ọdún 1879, yìnyín náà ti fà sẹ́yìn ju 40 kìlómítà lọ. Òmíràn nínú irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ṣì ń yọ́ káàkiri ayé, omi òkun tí ó ń móoru sì ń wú. Láàárín ọdún 1901 àti 2018, òkun ayé gòkè tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ní ilẹ̀ olókùúta, èyí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní ilẹ̀ tí ó tẹ́ bí Ayétòrò, ilé ni.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìlú náà ti kú. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó, àwọn obìnrin ń yan edé, wọ́n sì fún wa ní ẹja tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ta nínú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láti san owó ọkọ̀. Wọ́n kọrin fún Ìyá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní alẹ́ tí a ó padà, ó ní kí akọ̀wé wa mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ tí ibojì wọn ti wọ inú òkun, pẹ̀lú iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe: akànkọ̀, ahunṣọ, onígèrè, olùkọ́ orin. Orúkọ 17 ni. Ìwé náà wà lórí tábìlì yìí, Ìyá sì jókòó lẹ́bàá rẹ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ bi í léèrè nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ó bọ́ síwájú.