Ẹ̀rọ Tó Ń Tú Àṣírí Epo

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ aṣepo sọ ní agbègbè Ọdẹ́dá

Mo mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé, mo sì mọ̀ pé ẹyìn wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ sè, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Epo pupa ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú iṣẹ́ àwọn tó ń wọ aṣọ funfun nínú ilé àyẹ̀wò?" Ó kàn yín gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

KẸ́Ẹ̀GÌ KAN PÉRÉ

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan wà ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ abúlé wọn. Wọ́n rí oníbàárà kan tó fẹ́ kó epo lọ sí òkè òkun, owó tó sì fẹ́ san ju ti ọjà Kútọ̀ lọ dáadáa. Dúróòmù mẹ́ta ló ní kí wọ́n kó jọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ dé, epo ṣì dín ní kẹ́ẹ̀gì kan. Ọ̀kan nínú wọn bá sáré lọ ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jà. Epo náà pupa fòò, ó wu ojú. Kí àwọ̀ gbogbo epo náà lè dọ́gba, wọ́n pò ó pọ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú dúróòmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oníbàárà bu díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nígbà tí ìwé dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n bá àwọ̀ tí kì í ṣe ti jíjẹ nínú epo náà. Dúróòmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ra ẹyọ kan. Ìyá tó ra kẹ́ẹ̀gì yẹn bú sẹ́kún, ó ń búra pé òun kò mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀. Mo ti kọ́ wọn bí a ṣe ń sè é àti bí a ṣe ń fún un, ṣùgbọ́n n kò kọ́ wọn pé ẹ̀rọ kan wà tó lè rí ohun tí ojú kò rí. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí káàkiri.

BÁWO NI ẸNIKẸ́NI ṢE LÈ MỌ̀?

Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni epo Ẹ̀gbá ti ń gba odò Ògùn lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ dé ìlú Òyìnbó, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Nígbà náà, ojú, imú àti ahọ́n ni oníbàárà fi ń dán epo wò. Lónìí, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní kùrómátógíráfì ni wọ́n ń lò. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "fífi àwọ̀ kọ̀wé" lọ.

Ará Rọ́ṣíà kan tó jẹ́ onímọ̀ ewéko, Mikhail Tsvet, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 1903. Ó yọ oje ewé, ó sì dà á sórí ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ tó kì sínú ìgò tóóró kan. Ewé tí gbogbo ayé rò pé àwọ̀ kan ló ní, ó pín sí ìpele ìpele nínú ìgò náà: ibì kan yẹ́lò, ibì kan ewé mìíràn yàtọ̀ sí ewé.

Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò nílé. Ẹ gba ṣọ́ọ̀kì funfun kan lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹ fi gègé dúdú tí omi lè fọ̀ kúrò fa ilà yí i ká, bí ìbú ìka kan sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e dúró sínú abọ́ tí omi díẹ̀ wà, kí omi náà má dé ibi ilà. Omi yóò máa gun ṣọ́ọ̀kì lọ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Tí ó bá dé ibi ilà, dúdú yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ lè rí búlúù níbì kan, kí ẹ rí pupa tàbí yẹ́lò níbòmíràn. Ohun tí ẹ pè ní ẹyọ kan, àṣé ọ̀pọ̀ ló kóra jọ.

Kí ló ń yà wọ́n? Ẹ fi ojú inú wo èèyàn mẹ́ta tó jọ sọ̀ kalẹ̀ ní Làfẹ́nwá, tí wọ́n jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kútọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kò dúró rárá. Ẹnì kejì dúró kí èèyàn méjì mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ìyá àgbà ni, gbogbo ìsọ̀ ló ti ní ojúlùmọ̀: "Ẹ kú ọjà o, àwọn ọmọ ńkọ́?" Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, wákàtí kan náà ni wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n wọn kò ní dé pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ohun tó wà nínú epo. Èyí tó bá fẹ́ràn ohun tí wọ́n kì sínú ẹ̀rọ a máa dúró tì í, èyí tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ a tètè jáde. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á mọ ẹni tó dé nípa àkókò tó dé.

ORÍṢI MẸ́TA TÍ WỌ́N Ń LÒ FÚN EPO

Èkíní ni ti orí awo pẹlẹbẹ. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ojú gíláàsì, wọ́n á kán epo yín sí i, wọ́n á sì kán àwọ̀ tí wọ́n ń wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi kẹ́míkà á gbé méjèèjì gòkè. Bí ohun kan láti inú epo yín bá gun òkè dé ibi tí àwọ̀ yẹn dé, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi kẹ́míkà gba inú páìpù irin kékeré kan. Òun ló ń sọ iye àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó lè rí ohun tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ẹ wá rí i pé kẹ́ẹ̀gì kan nínú dúróòmù mẹ́ta kò lè sá pamọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta ni ti afẹ́fẹ́. Àwọn ará Bìrìtìkó méjì, James àti Martin, ló gbé e jáde ní 1952, àsíìdì inú ọ̀rá gan-an sì ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi kẹ́míkà yí ọ̀rá inú epo padà kí ó lè di oru, afẹ́fẹ́ á sì gbé oru náà gba inú wáyà oníhò kan tó gùn tó ọgbọ̀n mítà, tó wé mọ́ra bí okùn. Bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ẹ̀rọ ń fa ilà tó ga sókè bí òkè Olúmọ. Ibi tí òkè wà ń sọ ohun tó jẹ́, títóbi rẹ̀ sì ń sọ iye rẹ̀.

EPO NÁÀ NÍ ILÀ OJÚ TIRẸ̀

Ní ayé àtijọ́, bí ẹ bá rí ilà ojú èèyàn, ẹ ó ti mọ ibi tó ti wá. Epo náà ní tirẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àsíìdì ọ̀rá tó wà nínú epo pupa, nǹkan bíi 44 jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní pàmítíìkì, nǹkan bíi 40 sì jẹ́ oléíìkì. Ṣùgbọ́n ní ti àdín, tí í ṣe epo ekùrọ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ lọ́ríìkì, bẹ́ẹ̀ epo pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Ọ̀pẹ kan náà, ẹyìn kan náà, síbẹ̀ epo ara rẹ̀ àti epo inú rẹ̀ kò jọra. Bí ẹnikẹ́ni bá lú àdín mọ́ epo pupa, ilà ojú rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì rí i.

ÀWỌ̀ TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ SUDAN

Pupa tí Ọlọ́run fi sínú epo wa, kárọ́tììnì ni. Òun ni ara wa ń sọ di fítámì A, tó ń ṣe ojú lóore. Bí ẹyìn bá pẹ́ nílẹ̀, tàbí tí a bá dáná sí epo jù, pupa yìí á ṣá. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń lọ ra àwọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sudan, pàápàá Sudan III àti Sudan IV, wà lára àwọn àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń pa pólíìṣì bàtà, àbẹ́là àti epo ọkọ̀ láró. Kì í ṣe ohun jíjẹ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹranko ti fi hàn pé irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fòfin dè é nínú oúnjẹ.

Ní 2005, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàṣẹ pé epo pupa tó bá ń wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò pé kò sí àwọ̀ Sudan nínú rẹ̀. Ní 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ àti oògùn ní Gánà bu epo láwọn ọjà Àkrà, wọ́n sì bá Sudan IV nínú èyí tó pọ̀ jù lọ. Gbogbo aṣepo ibẹ̀ ni ìròyìn yẹn kó bá, àti ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Níbí náà, NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Kí irú rẹ̀ má ba orúkọ epo Ẹ̀gbá jẹ́.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ MÁA ṢE

1. Ẹ gé ẹyìn tó pọ́n. Tí ẹ bá rí i pé díẹ̀ ti ń já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti tó gé.

2. Ẹ má jẹ́ kí ẹyìn pẹ́ nílẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹran ẹyìn tó ń ba epo jẹ́ tí ẹyìn bá fara pa tàbí tó bá pẹ́. Òun ló ń mú kí epo kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ kí àsíìdì tó ti já kúrò lára ọ̀rá báyìí ju 5 nínú 100 lọ. Ti ìyẹn kò nílò ẹ̀rọ ńlá, kẹ́míkà díẹ̀ nínú ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

3. Ẹ sè é kí ó jinná dáadáa. Iná ló ń pa ohun tó ń ba epo jẹ́ yẹn.

4. Ẹ fi iná díẹ̀ gbẹ omi inú epo. Tí kò bá ta mọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má sun ún.

5. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó sì gbẹ, ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ti fi gbé oògùn oko, ọ̀dà tàbí epo ọkọ̀ rí, ẹ má fi gbé epo jíjẹ láé.

6. Ẹ má fi epo tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ kún tiyín. Tí epo bá dín, ẹ tà á bó ṣe mọ.

7. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ dé e pa, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Bí ẹjọ́ bá dé, ìgò yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N BI MÍ

Bàbá kan bi mí pé: "Ọmọ wa, ṣé a kò lè fi ojú tàbí ahọ́n mọ epo tó ní àwọ̀?" Bàbá mi, kò ṣeé fọkàn tán. Àwọ̀ yìí máa ń yọ́ pátápátá sínú epo. Tí epo bá pupa jù tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ jù, ẹ fura, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹlòmíràn ní: "Èló ni wọ́n ń gbà?" Kò kéré fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì gbogbo yín pọ̀, ẹ gbé ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá bá àwa òṣìṣẹ́ yín. Ẹ tún lè béèrè ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àlàbátà, tàbí ní FIIRO ní Òṣòdì.

Ìyá kan wá sọ èyí tó le jù. Ó ní: "Àwọn tó ń rà á lọ́jà ló ń fẹ́ pupa fòò. Tí tèmi kò bá pupa tó ti ẹlòmíràn, kí ni mo máa jẹ?" Ìyá mi, n kò ní tàn yín. Ó lè jẹ́ pé tiwọn á kọ́kọ́ tà ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ẹyìn tútù tí a tètè sè ní pupa tirẹ̀, oníbàárà tó bá sì mọ̀ yín kò ní fi yín sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ló ń jẹ epo yìí. Àwọn àgbà sì ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé epo kan ní àwọ̀, tí a rà á, tí a tún un tà, àwa náà ti wà níbẹ̀.

Àwọn ìyá tí mo sọ nípa wọn kò tú ká. Wọ́n ta dúróòmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún aṣọṣẹ ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Wọn kò tíì rí irú oníbàárà yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kò sí kẹ́ẹ̀gì kan lọ́dọ̀ wọn tí kò ní orúkọ lára, ìgò kéékèèké sì tò sí igun yàrá akọ̀wé wọn. Ọjọ́ tí oníbàárà mìíràn bá dé, ọkàn wọn balẹ̀ pé kó bu tiwọn lọ síbi tó bá wù ú.