Pàǹtí Ọjà Alẹ́, Ajílẹ̀ Oko



Bí ọjà alẹ́ bá tú, kí ló ń kù sílẹ̀? Háhá àgbàdo, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, tòmátì tó ti rà, àti ọ̀rá. Inú gọ́tà ni wọ́n sábà ń gbá gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ rántí Ògùnpa n'Ìbàdàn: nígbà tó kún àkúnya ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, pàǹtí tó dí ojú odò wà lára ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ ni èèpo àti ewé. Ọ̀rá ni kì í jẹrà. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, ó lè pa á. Ẹ bá ìyálọ́jà sọ ọ́, kí wọ́n ya àpò ọ̀rá sọ́tọ̀, kí wọ́n ya ti èèpo sọ́tọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé irè yín lọ sọ́jà má bọ̀ lófo. Kó kó èèpo bọ̀ wálé.

Ẹ tò ó sábẹ́ ibòji: èèpo, koríko gbígbẹ, ìgbẹ́ adìẹ, lórí ara wọn. Ẹ wọ́n omi sí i níwọ̀nba, kí ẹ sì máa yí i po lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bó bá dúdú, tó ń rún, tí kò rùn mọ́, ó di ajílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí gọ́tà jẹ oúnjẹ oko yín. Ó dìgbà kan ná.