Oríkì Ta Ni O Gbà Sílẹ̀?

Láti Ìkìrun ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè pé, "Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ àṣà, kí ni mo lè ṣe?" Fóònù ọwọ́ yín ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Òkukù, ìtòsí wa níbí. Láàárín ọdún 1974 sí 1977, Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé níbẹ̀, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ilé. Ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde lọ́dún 1991. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ ló di ìwé yunifásítì.

Lọ́dún tó kọjá, èmi náà lọ gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀. Wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn títí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo lò ń gbé e lọ? Ṣé àwọn ọmọ mi náà á gbọ́ ọ?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Bí ohùn ṣe máa dún dáadáa nìkan ni mo ti ń rò.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà lọ, a jọ fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wọn. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi ohùn fèsì. Ẹkún ló ń sun.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ gbàyè. Ẹ béèrè ẹni tó ni oríkì. Ilé ni kó kọ́kọ́ dé, kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.