Yíyan Rọ́tà ní Etí Òkun: Ìmọ̀ Ṣáájú Ìnáwó

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba Onímọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Islām kọ ìnákúnàá. Ní Molútẹ̀hìn, ní etí òkun Ìlàjẹ, inú afẹ́fẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ilé, òpó rẹ̀ sì lè jìnnà. Rọ́tà olówó gọbọi nìkan kò lè tún èyí ṣe.

Èkíní, kí olùrà kọ́kọ́ fi fóònù wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára jù nílé rẹ̀: −85 dBm sàn ju −110 lọ. Èkejì, kí ó béèrè ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń lò. 700 àti 800 MHz ń rìn jìnnà ju 2600 lọ. Ẹ̀kẹta, kí rọ́tà náà ní ojúhò áńtẹ́nà, kí a lè gbé áńtẹ́nà sókè, kí ó kọjú sí òpó. Kí a sì fi rọ́bà di oríkèé wáyà, nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń mú irin dípẹtà. Ẹ̀kẹrin, èyí tó ń lo bátìrì 12 fóltì rọrùn fún ilé tó ń lo iná oòrùn.

Òǹtajà tó mọ̀ pé rọ́tà kò gba ìgbì àdúgbò, tó sì dákẹ́, ti rẹ́ni jẹ. Kò sí alùbáríkà nínú èrè bẹ́ẹ̀. Olùrà náà kò gbọdọ̀ pe àìwádìí ní ìgbáralé Allah.

Kí Allah fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní kẹ́ gbogbo Mùsùlùmí. Àmín.