Ojú Ajá àti Ojú Ológbò: Àwọn Àìsàn tó Wọ́pọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Ojú ajá àti ti ológbò jọ ti ènìyàn púpọ̀, àmọ́ wọ́n ní ohun tí ènìyàn kò ní. Ọ̀kan ni ìpéǹpéjú kẹta, awọ fẹ́lẹ́ tó wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tó máa ń yọ jáde bí ara ẹranko kò bá dá tàbí bí ojú bá ń dùn ún. Èkejì ni awọ dídán kan nínú ẹ̀yìn ẹyinjú, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òun ló ń mú kí ojú wọn tàn yanran bí iná mọ́tò bá bà á lóru, òun náà ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ríran níbi tí ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n ajá kì í gbára lé ojú bí ènìyàn ti ń gbára lé e. Imú àti etí ló fi ń mọ ilé, ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi lè fọ́ tán kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó fura. Ìgbà tí wọ́n bá sún àga kúrò ní àyè rẹ̀, tí ajá sì lọ kọlù ú, ni olówó rẹ̀ ń mọ̀.

Ìpéǹpéjú ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára àwọn ajá tí ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìrísí wọn. Irun ajá Lhasa Apso máa ń gùn wọ ojú, ẹyinjú rẹ̀ sì yọ síta débi pé ìjà ráńpẹ́ pẹ̀lú ajá ńlá lè yọ ọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi ni kí wọ́n fi bo ẹyinjú náà kó má baà gbẹ, kí wọ́n sì máa sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ìpéǹpéjú ajá Rottweiler ní tirẹ̀ lè ká sínú, kí irun máa ha ẹyinjú tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ abẹ ló ń tún èyí ṣe.

Lójú ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹran pupa roboto kan lè ṣàdédé yọ ní igun ojú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Orísun omijé tó wà lábẹ́ ìpéǹpéjú kẹta ló kúrò ní àyè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta omijé ti ń wá. Àwọn kan ṣì ń gé e dànù. Ìpalára ńlá ni, nítorí ojú tí wọ́n gé e kúrò nínú rẹ̀ lè gbẹ bó pẹ́ bó yá. Rírán an padà sí àyè rẹ̀ ló tọ́.

Ojú gbígbẹ fúnra rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ipin tó ki, tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, ni wọ́n máa ń rí, wọn a sì rò pé kòkòrò ló wọ ojú. Wọn a máa pààrọ̀ oògùn láìsí ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: dókítà á fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí omijé bá rin bébà náà tó mìlímítà 15, ojú dára. Bí kò bá tó 10, àfi kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Oògùn cyclosporine ni wọ́n sábà máa ń lò fún un, títí ayé ajá náà sì ni.

Ojú pípọ́n ló wọ́pọ̀ jù, ohun tó ń fà á kò sì lópin: eruku, èéfín, tàbí àìsàn distemper tó ń pa ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ti ológbò, fáírọ́ọ̀sì herpes tirẹ̀ ló máa ń wà nídìí rẹ̀ jù. Ológbò tó bá ti kó o kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àìsàn náà yóò máa padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Bí ipin bá lẹ ojú ọmọ ológbò pọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òwú ni kí wọ́n fi rọra nù ún.

Níbi awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú ni àìmọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́ jù lọ. Èékánná ológbò, ẹ̀gún tàbí iyanrìn lè dá egbò sí i. Ajá ọdẹ tún lè pàdé ṣèbé ọlọ́rùn dúdú, tó ń tu oró sójú ọ̀tá rẹ̀. Omi mímọ́ púpọ̀ ni kí wọ́n fi ṣan ojú náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ṣàn án pẹ́. Ẹranko tó ní egbò yìí á máa di ojú, á sá fún ìmọ́lẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa ojú. Dókítà á kán aró kan tó ń mú kí egbò náà hàn ní àwọ̀ ewé. Kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kán oògùn tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù nínú sí ojú náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà ní kẹ́místì fún ojú ènìyàn, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kì í jẹ́ kí egbò jinná; ó lè mú kí awọ náà yọ́ títí tí yóò fi lu.

Kì í ṣe gbogbo ojú tó di funfun ló ń fọ́. Lẹ́ǹsì inú ojú ajá tó ti lé ní ọdún méje máa ń ṣe bí èéfín díẹ̀ láìdí ìríran lọ́wọ́. Cataract ni èyí tó ń dí i, ìtọ̀ ṣúgà sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń fà á lára ajá. Glaucoma burú jùyẹn lọ: omi inú ẹyinjú kò rí ọ̀nà jáde, ojú á le, á pọ́n, á máa dùn ún gidigidi, ìríran sì lè lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ní Nàìjíríà, bí ojú ajá méjèèjì bá di funfun pọ̀ mọ́ ibà àti àìlẹ́jẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Trypanosoma brucei, kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Torí pé kòkòrò náà máa ń sá sínú ọpọlọ, níbi tí oògùn tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ni àìsàn náà ṣe máa ń padà.

Ológbò àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ fọ́ lójijì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nítorí àìsàn kíndìnrín lọ́pọ̀ ìgbà. Awọ tó ń gba àwòrán lẹ́yìn ẹyinjú ló ṣí kúrò. Bí wọ́n bá tètè fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, díẹ̀ lára ìríran lè padà. Oúnjẹ náà kó ipa tirẹ̀. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé awọ ìríran ológbò tí kò rí èròjà oúnjẹ taurine jẹ ń bàjẹ́, inú ẹran àti ẹja nìkan ni ológbò sì ti ń rí i tó. Ológbò tí wọ́n ń fi ẹ̀bà lásán tàbí oúnjẹ ajá bọ́ lè fọ́jú bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kò ní àtúnṣe.

Kí àwọn tó ń sin ajá àti ológbò máa wo ojú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n fi ojú kan wé èkejì. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) l'Abẹ́òkúta. Ojú tó bá pọ́n, tó dì, tàbí tó yí àwọ̀ padà, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀la.