Báwo La Ṣe Ń Wọn Ẹrù Ọkàn Àjèjì?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

  Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, mo ní abẹ́rẹ́ ni mò ń gún fún èèyàn, kí ló kù tí mo fẹ́ sọ? Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀. Tí ó bá sú yín, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí pé tíṣà físíìsì wa kì í jẹ́ ká wọn nǹkan kan láìkọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n wò bóyá ó dúró sórí òdo? Ẹ̀kọ́ yẹn ni mò ń lò títí dòní, àmọ́ kì í ṣe irin ni mò ń wọ̀n. Ìnira ọkàn ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú jẹ́ Latino, àwọn tó ti Mẹ́síkò, Honduras, Guatemala àti El Salvador wá, tí wọ́n ń sọ èdè Sípáníìṣì. Orí ń fọ́ wọn, wọn kì í rí oorun sùn, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Dókítà á ní ìrònú wà níbẹ̀. Ó dáa, ìrònú náà tó báwo? Kí la fi wọ̀n ọ́n?

Òṣùwọ̀n kan ti wà tipẹ́. Ní 1967, Thomas Holmes àti Richard Rahe ní Amẹ́ríkà to ohun 43 tó máa ń ṣẹlẹ̀ séèyàn, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100. Ìgbéyàwó gba 50. (Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí yín.) Kíkó kúrò nílé kan sí òmíràn gba 20. Àmọ́ kò sí ìlà kankan níbẹ̀ fún ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, tó wá ń bẹ̀rù gbogbo mọ́tò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1991 ni Richard Cervantes, Amado Padilla àti Nelly Salgado de Snyder gbé òmíràn jáde, Hispanic Stress Inventory. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ru ẹrù náà gan-an ni wọ́n ti wá ìbéèrè rẹ̀. Ti àwọn àjèjì jẹ́ ìbéèrè 73. Ti àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà yàtọ̀, 59 ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya, ìjà àṣà nínú ẹbí, àti ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n fúnra rẹ̀: àìgbédè, àìníwèé, ẹ̀rù pé wọ́n lè lé mi padà, ìrònú pé mi ò ní níyì mọ́ bí mo ṣe níyì nílé. Wọ́n tún un ṣe ní 2016, ti àwọn àjèjì wá di 90.

Ohun tó wù mí jù ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń béèrè. Ṣé èyí ṣẹlẹ̀ sí ọ láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá? Bó bá ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe wúwo tó, láti 1 dé 5? Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ séèyàn méjì, kó jẹ́ 1 fún ẹnì kan, kó jẹ́ 5 fún ẹnì kejì.

Ìwé náà dáa. Èmi tí mo mú un dání ni mi ò yẹ ara mi wò. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ Honduras. Tíṣà ni nílé. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló ń gbá ní Houston. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.) Ògbufọ̀ wa kò wá lọ́jọ́ náà, mo bá ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, máa túmọ̀. Gbogbo ìbéèrè, "Rárá." Kíákíá la parí. Mo ro máàkì pọ̀: òdo. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? 170 lórí 110.

Ara máa ń sọ ohun tí ẹnu fi pamọ́. Ní oṣù karùn-ún 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ya wọ ilé-iṣẹ́ ẹran kan ní Postville, ní ìpínlẹ̀ Iowa, wọ́n kó èèyàn 389 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn olùwádìí wá yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ bíbí wò jákèjádò Iowa, èsì wọn sì jáde ní 2017. Láàárín ọ̀sẹ̀ 37 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ewu pé kí ìyá tó jẹ́ Latino bí ọmọ tí kò tó ìwọ̀n fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ti àwọn ìyá aláwọ̀ funfun kò lọ sókè bẹ́ẹ̀. Àní àwọn Latino tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni kò lè lé lọ síbì kankan, wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan o. Sìkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìkókó ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tíṣà yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, ògbufọ̀ wà, ọmọ jókòó síta. Ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìwé náà ń lọ. Mo fi fáìlì hàn án, mo ní kò kọjá ibí. A tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ti ń retí pé ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n ló máa gba 5. 3 ló mú. Nígbà tá a dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, ó dákẹ́, ó wá fi ìka tẹ 5. Ó ní ní báńkì, níléèwé, lọ́dọ̀ lọ́yà, lọ́dọ̀ tèmi náà, ọmọ yẹn ló ń bá òun sọ̀rọ̀, ó sì ti ń pàṣẹ fún òun bí ẹni pé òun lọmọ. Ó ní ọmọ 40 ló máa ń dìde kí òun ní kíláàsì tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ mọ́.