ÌSINMI ÒṢÌṢẸ́ KÌ Í ṢE OJÚ ÀÁNÚ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló kan awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fò lójú ọ̀run? Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé oúnjẹ fún èrò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ààbò ni òfin ṣe ní kí wọ́n wà níbẹ̀. Kí ìjọba tó gba irú ọkọ̀ òfurufú ńlá kan láyè láti máa kó èrò, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bí ìdajì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣeé lò. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni yóò darí wọn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní ọjọ́ 2 oṣù January, 2024. Ọkọ̀ òfurufú Japan Airlines kan àti ọkọ̀ òfurufú kékeré kan kọlu ara wọn ní pápá Haneda, iná sì sọ. Ènìyàn 5 kú nínú ọkọ̀ kékeré náà. Nínú ọkọ̀ ńlá, ẹ̀rọ ìkéde kò ṣiṣẹ́ mọ́, èéfín sì ń wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ fi igbe ẹnu darí èrò, wọ́n wo ilẹ̀kùn tí iná kò dé, wọ́n sì ṣí i. Gbogbo ènìyàn 379 tí ó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Ṣé ẹni tí oorun ń kùn lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, òfin tí FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òfurufú, ṣe fún wọn ní 1994 ni pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ títí dé wákàtí 14 yóò sinmi fún wákàtí 9. Ilé-iṣẹ́ sì lè gé e kù sí 8.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní aago 11 òru. Wákàtí 8 parí ní aago 7 òwúrọ̀. Yóò dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, yóò jẹun, yóò wẹ̀, ó lè di aago 12 ààbọ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀. Kí aago 7 tó lù, ó ti gbọ́dọ̀ jí, kí ó múra, kí ó sì ti padà dé. Wákàtí 8 inú ìwé ti di oorun wákàtí 5 péré. Ara kì í ṣe igi.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ Dawson àti Reid ní Australia kọ ọ́ jáde pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ a máa lọ́ra bíi ti ẹni tí ó ti mu ọtí dé ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń mú awakọ̀. Láàárín aago 2 sí aago 6 ìdájí ni ó sì burú jù, yálà lójú ọ̀run ni, tàbí nídìí ẹ̀rọ, tàbí lójú títì.

Ní oṣù February, 2009, ọkọ̀ òfurufú kan já lulẹ̀ nítòsí Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Àárẹ̀ àwọn awakọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ìwádìí mẹ́nu bà. Láti 2014, òfin fún awakọ̀ òfurufú ní wákàtí 10. Àwọn tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ kan náà ńkọ́? Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí 9 àti 8.

Ẹgbẹ́ wọn, Association of Flight Attendants, tí Sara Nelson jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, kò dákẹ́. Ní oṣù October, 2018, ìgbìmọ̀ aṣòfin fi í sínú òfin pé kí wọ́n fún wọn ní wákàtí 10, tí a kò gbọdọ̀ gé kù rárá, kí FAA sì ṣe é láàárín 30 ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ náà di ọdún 4. Oṣù October, 2022, ni ìlànà náà tó jáde. Bí ẹgbẹ́ bá ti lọ sùn lẹ́yìn tí aṣòfin fọwọ́ sí i, inú ìwé ni òfin náà ì bá wà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, àti pé láàárín ọjọ́ 7, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi, wákàtí 24 gbáko. Ní 1979 ni àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti kọ wákàtí 10 lójúmọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsinmi awakọ̀ ojú títì, fún orílẹ̀-èdè tí ó bá fọwọ́ sí i.

A mọ ohun tí ń mú wa ta ìsinmi wa. Owó oṣù kò tó, ilé ń bẹ́ẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ófátáìmù sì dé. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú òfin náà pé a kò gbọdọ̀ gé e kù. Ọ̀gá kò lè fi ipá gbà á, ebi kò sì lè mú òṣìṣẹ́ tà á. Ìjà owó oṣù àti ìjà ìsinmi, ìjà kan náà ni.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni èyí: kí olúkúlùkù máa kọ aago tí ó wọṣẹ́, aago tí wọ́n dá a sílẹ̀, àti iye wákàtí tí ó sùn. Ẹ kó o fún aṣojú yín lóṣooṣù. Bí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, àkọsílẹ̀ ni yóò gbèjà wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní tú o.